Wọ́n ń sùn ni: ohun tí òjò ńlá ń jí nínú aṣálẹ̀

Fídíò kan dé orí fóònù ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Aṣálẹ̀ ni, iyanrìn pupa lọ salalu, àmọ́ omi dá adágún sí àárín rẹ̀, koríko ti hù létí omi, ẹyẹ sì ń rọ́ bọ̀. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ ti ṣẹ, kí gbogbo wa múra sílẹ̀. Màmá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n wá ní, "Ìwọ tó o lọ kàwé sáyẹ́ǹsì, wá gbọ́. Omi yẹn, mo gbà pé òjò ló gbé e wá. Kòkòrò tí àwọn ẹyẹ yẹn ń ṣà jẹ ńkọ́? Ta ló gbé ìyẹn débẹ̀?"

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì dàgbà pẹ̀lú ìdáhùn tí kì í ṣe òótọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí òjò bá rọ̀ lóru, tí ilẹ̀ mọ́ tí a rí ọ̀pọ̀lọ́ lójúde, lẹ́bàá gọ́tà, lẹ́yìn ìkòkò omi, ohun tí a gbà ni pé wọ́n bá òjò já bọ́ láti òkè. Kò sẹ́ni tó rí wọn lánàá. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Kí ni ọmọdé ì bá tún rò? Ẹni tó ń wo fídíò aṣálẹ̀ ń ṣe irú àṣìṣe kan náà. Ó gbà pé ibẹ̀ ṣófo tẹ́lẹ̀, ó wá ń wá ẹni tó kó ohun abẹ̀mí débẹ̀. Ibẹ̀ kò ṣófo. Àwọn tó nilé wà nínú ilé, wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ tú. A máa ń pe aṣálẹ̀ ní aginjù, bẹ́ẹ̀ aginjù tí àwọn baba wa ń sọ lè jẹ́ igbó dídí tí èèyàn kì í gbé. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wò kí wọ́n tó pe ibì kan ní aṣálẹ̀ ni òjò. Bí gbogbo òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ láàrin ọdún kan kò bá tó 250 mìlímítà, aṣálẹ̀ ni. Ní Adó-Èkìtì, òjò ọdún kan lé ní 1,200. Ní Death Valley, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 50 péré ni. Iyanrìn kọ́ ló ń sọ ibì kan di aṣálẹ̀. Sàhárà tí gbogbo ayé mọ̀ gan-an, òkè iyanrìn kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ. Àpáta àti òkúta wẹ́wẹ́ ló gba ìyókù.

Òjò kékeré yìí kì í sì í rọ̀ bíi tiwa, tó máa ń ní ìgbà tirẹ̀. Ó lè máa yan ibì kan lódì fún ọdún mélòó kan, kó wá rọ òjò odidi ọdún kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní Death Valley ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí ìyókù ìjì líle kan tí wọ́n ń pè ní Hilary kọjá níbẹ̀. Omi kún ibì kan tó ti jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀, ó di adágún, ó sì wà níbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan tí àwọn èèyàn ń wá wò ó. Ìdí tí omi fi ń dúró báyìí kò le. Oòrùn ti sun ilẹ̀ ibẹ̀ títí tó fi gan bí amọ̀ tó ti wọ iná. Bí omi bá dé lójijì, kò lè fà á mu, omi á ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀ jù, á gbára jọ. Kòtò omi bẹ́ẹ̀ yẹn ni ọjà ti máa ń ná, ọjà tó ń yára tú.

Ní ti àwọn tó ń sùn, kò pọn dandan ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìdí kòkó tó fún wa. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń ṣa ìgbín (àwa Èkìtì ń pè é ní ùgbín) nípa ohun tó ń rí nígbà ọyẹ́. Ìgbín á wọ abẹ́ ewé gbígbẹ, á kó ara rẹ̀ sínú ìkarahun, á wá fi ohun funfun kan dí ẹnu rẹ̀ pa, ohun tó rí bí bébà tó le. Ọmọdé á ní ó ti kú. Àgbà á ní kó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù nínú ibẹ̀, àmọ́ ó ń lù díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ, kò mu, ìwọ̀nba omi tó wà lára rẹ̀ ló ń ṣọ́ ná. Nígbà tí àkọ́rọ̀ bá dé, á ti ìdérí náà ṣubú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ síbi tí ewé tútù wà. Ẹ̀rùn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni ìgbín tiwa ń sùn já. Ẹran inú aṣálẹ̀ mú ọgbọ́n kan náà, ó kàn nà án gùn.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà ní aṣálẹ̀ Sonora, ní ààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, tí Ọlọ́run fi nǹkan dúdú líle kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí ọkọ́ kékeré. Ẹ̀yìn ló fi ń gbẹ́lẹ̀ wọlé, bí ọkọ̀ tó ń rìn sẹ́yìn wọ ọgbà. Ó lè lo oṣù mẹ́jọ, mẹ́wàá, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ, lábẹ́ ilẹ̀. Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni ohun tó ń jí i. Màá ti búra pé tútù ilẹ̀ ni. Àwọn olùwádìí rí i pé ìró ni: bí òjò bá ń lu ilẹ̀ gììrì gììrì lókè, ọ̀pọ̀lọ́ á gbọ́ ọ nísàlẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ìlù bàtá láti inú yàrá. Wọ́n fi mọ́tò iná mànàmáná gbo ilẹ̀ tó gbẹ táútáú jìgìjìgì, láìsí ẹ̀kán omi kan, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà sì jáde. (Mo ṣàánú wọn. Ẹni tí wọ́n jí láti inú oorun ọdún kan, tó jáde tí kò rí òjò!)

Bí òjò bá jẹ́ òjò lóòótọ́, kò sí àyè fún fífi àkókò ṣòfò. Lóru ọjọ́ náà ni akọ ń ké pe abo, oru ọjọ́ náà ni wọ́n ń yé ẹyin sínú kòtò omi. Ẹyin á pa láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì. Légbénlègbé, ìyẹn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì ní ìrù, á wá máa bá oòrùn sáré: bóyá kó hu ẹsẹ̀ jáde nínú omi, bóyá kí omi gbẹ mọ́ ọn lórí. Tiwa níbí lè lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó di ọ̀pọ̀lọ́. Tibẹ̀ lè ṣe é láàrin nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ.

Kí ni àwọn àgbà ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ ní gbogbo àkókò yìí? Èsunsun. Òjò kan náà tó jí wọn ló lé èsunsun jáde nínú ilé ikán, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe níbí. Ní Èkìtì, bí èsunsun bá bo iná lálẹ́, abọ́ omi la ń gbé sábẹ́ gílóòbù, ká lè yan án jẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ náà ti ń ṣe àsè yẹn látọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó wọn oúnjẹ inú ikùn rẹ̀ rí i pé ó lè jẹ ju ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, àti pé ọ̀rá inú èsunsun tó jẹ láàrin ìwọ̀nba alẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé e di ọdún mìíràn. Lẹ́yìn náà, ó di abẹ́ ilẹ̀.

Ní Ọsirélíà, ìbátan rẹ̀ kan ń kó omi sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀ kó tó wọlẹ̀, ó sì ń fi awọ ara tó bó sílẹ̀ ṣe aṣọ ìbora tí omi kò lè gbà jáde. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n débi pé bí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n, wọ́n á wú u, wọ́n á fún omi ara rẹ̀ mu.

Títí dé ibí, oorun là ń sọ. Oorun yé wa. Iná tí a fi eérú bò ni: èéfín kò rú, àmọ́ ẹni tó bá tẹ ọwọ́ bọ inú eérú á mọ̀ pé iná wà. Èyí tó kàn yìí kì í ṣe oorun mọ́, òun ló sì máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú.

Ẹran omi kékeré kan wà ní Ọsirélíà tó rí bí edé tí wọ́n fi asà bò lórí. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Triops. Bí omi bá gbẹ, gbogbo àgbà rẹ̀ á kú pátá, kò sí ọ̀kan tó máa kù. Ẹyin wọn nìkan ló ń kù nínú ẹrẹ̀ tó ti di erùpẹ̀, ẹyin tó gbẹ kangangan, tí afẹ́fẹ́ lè gbé bí eruku. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí omi bá kàn án, ó di alààyè, láàrin ọ̀sẹ̀ bíi méjì sí mẹ́ta ó ti dàgbà tó ń yé ẹyin tirẹ̀. Wọ́n ń rí i nínú àwọn ihò omi orí àpáta Uluru, òkè pupa ńlá tó dá dúró láàrin aṣálẹ̀ wọn, bí Olósùnta ṣe dá dúró ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹja kò lè gun orí òkè bẹ́ẹ̀. Ẹyin tó ti di eruku lè gùn ún.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn, ọmọ Nàìjíríà ni. Lókè Ọya, lórí àwọn àpáta tí oòrùn ń yan, kòtò kéékèèké wà tí òjò ń kún, tí wọ́n sì ń gbẹ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n tí kì í jẹni, ń yé sínú wọn. Orúkọ rẹ̀ gùn: Polypedilum vanderplanki. Ìdin rẹ̀ ń gbé nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò. Bí kòtò bá ń gbẹ, ìdin náà á máa gbẹ pẹ̀lú rẹ̀, títí tí omi ara rẹ̀ á fi tán fẹ́rẹ̀ẹ́ pátápátá. Nínú 100, ó lè jẹ́ 3 péré ló kù. Èèyàn tí kò bá rí omi, kí ara rẹ̀ tó gbẹ dé ìdá yẹn, a ti sin ín tipẹ́. Ìdin yìí á ká kò bí ẹfọ́ gbígbẹ. Kò mí. Ọkàn rẹ̀ kò lù. Bu omi sí i, láàrin nǹkan bíi wákàtí kan, á máa yí gbirigbiri.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Howard Hinton ti yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ayé ní àwọn ọdún 1950 sí 1960. Ó fi ìdin gbígbẹ náà sínú ooru tó ju ti omi híhó lọ fún ìṣẹ́jú kan, ó tún rì í sínú afẹ́fẹ́ tí òtútù ti sọ di omi, ìdin náà ṣì jí nígbà tí ó bu omi sí i. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn kan jí ìdin tó ti wà ní gbígbẹ fún ọdún 17.

Ṣúgà ni àṣírí rẹ̀, ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní trehalose. Bí omi ṣe ń jáde lára ìdin náà ni ara rẹ̀ ń pèsè ṣúgà yìí lọ́pọ̀ yanturu, ṣúgà á wọ gbogbo ibi tí omi ti kúrò, á sì dì. Ẹ wo ẹ̀pà tí wọ́n yí sínú ṣúgà tó ti gan: ẹ̀pà inú rẹ̀ kò lè mira, kò lè fọ́, kò lè wó. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà nínú ara ìdin náà ṣe dúró sí àyè rẹ̀ títí omi fi wá yọ́ ṣúgà náà kúrò.

Ṣé ó kú nígbà yẹn ni àbí ó wà láàyè? Màmá bi mí bẹ́ẹ̀, mo sì rò ó díẹ̀ kí n tó dáhùn. Kò kú, nítorí òkú kì í jí bí a bá bu omi sí i. Àmọ́ kò sí iṣẹ́ ìyè kankan tó ń lọ lára rẹ̀. Bí ìgbín bá jẹ́ iná abẹ́ eérú, ìdin yìí jẹ́ ìṣáná nínú páálí. Kò sí iná níbẹ̀ rárá. Gbogbo ohun tí iná nílò ló pé, ó ku kí ẹnì kan ṣá a.

Ó wá kan ewéko. Nínú ilẹ̀ aṣálẹ̀, irúgbìn pọ̀ ju ohun tí ojú ń rí lọ. Ní aṣálẹ̀ Atacama ní orílẹ̀-èdè Ṣílè, tó wà lára àwọn ibi tó gbẹ jù lọ láyé, òjò ńlá oṣù kẹta ọdún 2015 ṣe ọṣẹ́, omíyalé pa èèyàn. Ní oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, òdòdó bo ilẹ̀ lọ rẹrẹ, àwọ̀ àlùkò, funfun, ìyeyè. Irú òdòdó tó ń hù níbẹ̀ lọ́dún tó bá dára ju 200 lọ.

Àgbẹ̀ ló tètè máa lóye bí irúgbìn yẹn ṣe ń pinnu ọjọ́ tó máa hù. Gbogbo wa mọ̀ pé àkọ́rọ̀ máa ń tanni. Òjò kan á rọ̀ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, ilẹ̀ á rọ̀, onísùúrù kékeré á ju gbogbo àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀, òjò á lọ, kò ní padà wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn irúgbìn aṣálẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà lára èèpo ọ̀pọ̀ nínú wọn tó ń dí wọn lọ́wọ́ láti hù, òjò tó pọ̀ tó nìkan ló lè fọ̀ ọ́ kúrò. Òjò wíníwíní kò lè tàn wọ́n. Bí òjò gidi bá sì wá rọ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló máa hù. Apá kan á hù, apá kan á jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilẹ̀ di ìgbà mìíràn, bó bá ṣẹlẹ̀ pé òjò yìí náà ń tanni. Ẹyin Triops ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo sọ èyí fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Irúgbìn yẹn gbọ́n ju ọkọ mi lọ."

Ti ẹyẹ yàtọ̀, ẹyẹ kò sùn sábẹ́ ilẹ̀. Láti òkèèrè ló ń bọ̀. Adágún Kati Thanda, tí wọ́n tún ń pè ní Lake Eyre, wà ní ìsàlẹ̀ jù lọ ní Ọsirélíà, nǹkan bíi mítà 15 sísàlẹ̀ ìwọ̀n òkun. Iyọ̀ funfun gbígbẹ ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ọdún. Ó kún ní 1974 ju bí ẹnikẹ́ni ṣe ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, òjò tó ń kún un kò rọ̀ níbẹ̀ rárá. Ní àríwá ló ti ń rọ̀, omi á wá ṣàn fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kó tó débẹ̀. Síbẹ̀ ẹyẹ òfú, tí àwọn tó ń ka Sáàmù mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ aginjù, á gbéra láti etí òkun wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹyẹ kan tó ga lẹ́sẹ̀, tí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ lára láti mọ ibi tó ń lọ, fò ju 1,000 kìlómítà lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òjò. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé omi ti dé ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń bára wọn jiyàn lé e lórí.

Àwọn ẹyẹ yìí ń jẹ edé tó ti inú eruku jí, ẹja tó bá omi odò ṣàn wálẹ̀, wọ́n ń yé, wọ́n ń pa. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i, ẹja á kú. Ìyá ẹyẹ òfú tí ọmọ rẹ̀ kò tíì lè fò á fi í sílẹ̀ lọ. N kò fẹ́ràn láti sọ apá yìí fáwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí ìkún omi ṣe ń mú kí àwọn ẹran aṣálẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbẹ rẹ̀ ń pa wọ́n. Eku ń pọ̀ bí iyanrìn, ejò ń sanra lára wọn, koríko á gbẹ, eku á kú, ejò á rù.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹni tó kọ "àsọtẹ́lẹ̀ ti ṣẹ" dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí òjò bá jí ló ń fẹ́ wa ní rere. Eéṣú wà lára wọn.

Mi ò sọ tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ wa o, ìyẹn kò ju oko kan sí èkejì lọ. Eéṣú aṣálẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ó máa ń dá gbé, ó ń tijú, ó sì jọ àwọ̀ ibi tó bà sí. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Iyanrìn tútù ló ń yé ẹyin sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjì líle láti orí òkun tí wọ́n pè ní Mekunu rọ òjò sínú aṣálẹ̀ tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Arébíà, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Adágún yọ láàrin iyanrìn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìjì mìíràn, Luban, tún rọ̀ síbẹ̀. Eéṣú bímọ, ọmọ bímọ, ọmọ ọmọ bímọ, kò sí ojú tó rí wọn. FAO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣírò pé wọ́n ti pọ̀ sí i ní ìlọ́po 8,000 láàrin oṣù mẹ́sàn-án.

Bí wọ́n bá ti pọ̀ báyìí tí koríko sì ń dín, wọ́n á máa fara kan ara wọn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn eéṣú ló gbé iṣẹ́ náà: bí àwọn yòókù bá ń gbún un níbẹ̀ ṣáá, nǹkan kan nínú iṣan ìmọ̀lára rẹ̀, serotonin, á ròkè, láàrin wákàtí bíi mélòó kan, onítìjú á di ẹlẹ́gbẹ́. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọ̀ á yí padà, ìwà á yí padà, wọ́n á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Láti Arébíà, wọ́n dé Yẹ́mẹ̀nì, wọ́n kọjá òkun sí Etiópíà àti Sòmálíà. Nígbà tí wọ́n fi máa ya bo Kẹ́ńyà lọ́dún 2020, ibẹ̀ kò tíì rí irú rẹ̀ láàrin 70 ọdún. Ọ̀wọ́ eéṣú tó gba ìwọ̀n kìlómítà kan lóròó àti kan níbùú lè jẹ oúnjẹ èèyàn 35,000 lójúmọ́. Òjò tó mú kí aṣálẹ̀ kan tutù lọ́dún 2018 ló jẹ oko àgbàdo lọ́dún 2020. Ẹni tó rí adágún náà lórí fóònù nígbà yẹn lè ti kọ "Halelúyà" sí i.

Àwọn mìíràn sì wà tí òjò kàn ń pa ni. Láàrin gbùngbùn Atacama, níbi tó gbẹ jù, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ti fi ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ilé láti ayébáyé. Nígbà tí òjò rọ̀ síbẹ̀ ní 2017, àwọn onímọ̀ lọ wò ó, wọ́n rò pé àríyá làwọn máa bá. Òkú ni wọ́n bá: èyí tó pọ̀ jù lára irú àwọn kòkòrò náà ti pa rẹ́ nínú omi tó dúró. Ẹni tó bá ti bu omi kún abọ́ gàrí tó sì gbàgbé rẹ̀ mọ ohun tó ṣe wọ́n. Ara tó ti mọ́ ṣíṣọ́ omi ná fa omi mu ju bó ṣe yẹ lọ, ó wú, ó bẹ́.

Fídíò Màmá ńkọ́? Lójú tèmi, ó jọ àwọn tó tàn káàkiri lẹ́yìn òjò Mòrókò ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Nítòsí ìlú Tagounite, òjò tó ju 100 mìlímítà lọ rọ̀ láàrin wákàtí 24, omi sì padà sí adágún Iriqui tó ti gbẹ fún 50 ọdún. Èyí kan àwa náà ju bí a ṣe rò lọ. Ìkùukùu òjò dà bí ọ̀já kan tó yí ayé ká, níbi tí atẹ́gùn tútù láti orí òkun ti ń pàdé atẹ́gùn gbígbẹ láti Sàhárà. Ọ̀já yìí ń bá oòrùn gòkè, ó ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ní oṣù kẹjọ, ó ti gòkè lọ sí apá Kánò àti Nìjẹ̀r, ìdí nìyẹn tí òjò fi ń sinmi díẹ̀ ní Èkìtì nígbà náà, tí àwọn obìnrin fi ń ráàyè sá èlùbọ́. Lọ́dún 2024, ọ̀já náà gòkè ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, ìjì kan sì fa ọ̀rinrin rẹ̀ wọ inú Sàhárà.

Ìyẹn kò sọ pé Sàhárà ti di oko. Omi irú adágún bẹ́ẹ̀ á padà gbẹ. Sàhárà ti tutù rí lóòótọ́, láti nǹkan bí 11,000 ọdún sẹ́yìn títí di nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó gbé ibẹ̀ nígbà náà ya àgùnfọn àti erinmi sára àpáta, àwòrán náà sì wà níbẹ̀ dòní. Àmọ́ bí ayé ṣe ń fì díẹ̀díẹ̀ lórí ìrìn rẹ̀ yípo oòrùn ló fa ìyẹn, ó sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Òjò ọ̀sẹ̀ kan kò lè ṣe é.

Mo fi ọwọ́ kan Olósùnta han Màmá láti ibi tí a jókòó sí. Orí àpáta yẹn, aṣálẹ̀ kékeré ni, bí òjò Èkìtì tilẹ̀ pọ̀ tó. Bí òjò bá rọ̀ sórí rẹ̀, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti ṣàn dànù, oòrùn á sì máa yan òkúta náà bí agbada. Irú koríko kan wà tó fẹ́ràn irú àpáta bẹ́ẹ̀ káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Gàbọ́ọ̀nù, ó ń hù pọ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sórí òkúta lásán. Afrotrilepis pilosa lorúkọ rẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ á gbẹ, á pọ́n bí koríko tí wọ́n fi bo ahéré. Bí òjò bá rọ̀, kì í hu ewé tuntun. Ewé tó gbẹ yẹn gan-an ló ń padà di tútù.

Màmá wo òkè náà pẹ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwọn wọ Ìkẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọdọọdún làwọn ń rò pé koríko orí àpáta kú, pé òmíràn ló tún ń hù. Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, wọ́n gbé e súnmọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bù ú jẹ.

"Ìyá Àdúkẹ́, ẹ kú àná o. Nípa fídíò yẹn, kò sẹ́ni tó kó wọn wá. Wọ́n ń sùn ni. Àmọ́ ẹ bá mi bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí yín bóyá eéṣú wà níbẹ̀."